Orin Tí Kò Kúrò Lẹ́nu Wa

Ìbéèrè kan ni a gbé wá sínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí. Orin wo ni ó wà lẹ́nu yín láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan? A kò béèrè orin tí ẹ yàn fún ìsìn, bẹ́ẹ̀ ni a kò béèrè èyí tí ọ̀gá akọrin fi kọ́ wa ní ọjọ́ Sátidé. Èyí tí ó máa ń jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́, tí ẹ bá ń gé ẹ̀fọ́, tàbí tí ẹ bá dúró de ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, òun ni a ń béèrè. Kò sí ẹni tí kò ní ọ̀kan. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọ ọ́, àfi bí ọmọ rẹ̀ bá sọ pé, “Màámi, orin yìí náà tún ni?”

Ní Àtàn wa níhìn-ín, orin kò wọ́n wa. Bí a bá dúró ní ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, ní ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń yà sí Lùsádà àti Àgbárá, orin márùn-ún ni a ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ti awakọ̀, ti ẹni tí ń ta agbo pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ti ilé ìtajà fóònù, ti ilé ìjọsìn tí ń ṣe ètò ọ̀sán, àti ti ọmọ tí ń kiri omi. Àwọn tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ a máa sùn lọ nínú ọkọ̀ sínú orin tí awakọ̀ yàn, wọn a sì jí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá yan orin fún ara rẹ̀, títì yóò yàn án fún un.

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Bí orin kan bá wọ̀ wá lọ́kàn nígbà náà tí a sì fẹ́ tún un gbọ́, iṣẹ́ ni. A ó dá a padà, a ó fẹ́ mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó kọjá rẹ̀, a ó tún padà. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀ ẹ́, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, a ó fi bírò yí i. Ẹni tí ó gbọ́ orin kan nígbà mẹ́wàá ní ìgbà náà, ó ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá kí ó tó gbọ́ ọ. Fóònù òde òní kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. A tẹ ibì kan lẹ́ẹ̀kan, orin kan náà yóò sì máa yí po títí iná inú rẹ̀ yóò fi tán. A kò sọ èyí láti yin ìgbà àtijọ́, nítorí ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì ti jẹ mọ́ ẹ̀rọ rí, tí ó ń fa okùn rẹ̀ jáde bí ìfun, mọ̀ pé ìgbà náà ní ìyà tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé orin lè máa wọlé sí wa lára nísinsin yìí láìjẹ́ pé a pè é, ó sì yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa a máa fi Mátíù orí kẹfà, ẹsẹ keje, bá ẹni tí ń tún orin kan kọ wí. Wọn a ní Olúwa ti kìlọ̀ nípa àtúnwí asán. Òótọ́ ni, ó kìlọ̀. Ṣùgbọ́n kí a ka Bíbélì náà jìnnà díẹ̀ sí i. Sáàmù 136 ní ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbólóhùn kan náà nípa àánú Ọlọ́run ni ó sì parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Bí àtúnwí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ọmọ Léfì ṣẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú orin kan. Nínú Mátíù orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Olúwa fúnra rẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì padà lọ gbàdúrà ní ìgbà kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì tún sọ.

Ó wá ṣe kedere pé kì í ṣe iye ìgbà ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa Yorùbá pàápàá, orin wa kì í ṣe orin bí kò bá ní àtúnkọ. Ẹnì kan yóò lé e, àwọn tó kù yóò gbè é, ègbè náà kì í sì í yí padà títí orin yóò fi parí. Orin inú àlọ́ bẹ́ẹ̀, orin tí ìyá fi ń rẹ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó kọ orin kan náà fún ọmọ rẹ̀ nígbà ogún kò kọ ọ́ nítorí pé ọmọ náà kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ nítorí pé ọmọ kò tíì sùn.

Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Olúwa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ nítorí pé ẹrù kò tíì kúrò ní èjìká rẹ̀. Abọ̀rìṣà tí ó bá wí ń tún ọ̀rọ̀ sọ nítorí ó rò pé Ọlọ́run ń ka iye. Irú kẹta tún wà, a sì rò pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní ayé fóònù yìí: ẹni tí ń tún orin gbọ́ kí ilé má baà dákẹ́. Bí ilé bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò pe ilé láti ọdún tó kọjá yóò jókòó tì í. Owó ilé-ìwé yóò jókòó tì í. Nítorí náà, orin kò gbọdọ̀ dúró. A kò lè sọ pé irú èyí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ kún fún irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò àánú ju ìbáwí lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a pè é ní ìsìn.

Ìjọ tiwa ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ orin. Kí Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì ti fi orin mọ ara wọn ní ìlú òyìnbó. Charles Wesley nìkan kọ orin tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ. Ní ọdún 1761, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John kọ ìlànà méje fún àwọn tí ń kọrin nínú ìjọ. Ó ní kí wọ́n fi agbára kọ ọ́, kí wọ́n má ṣe dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó tún ní kí wọ́n má ṣe ké débi tí ohùn ẹnì kan yóò fi borí ti gbogbo ìjọ (a mọ àwọn tí a fẹ́ kí wọ́n ka ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ). Èyí tí ó fi parí rẹ̀ ni ó kàn wá lónìí: kí ẹni tí ń kọrin máa wo ìtumọ̀ ohun tí ó ń kọ, kí adùn ohùn má baà gbé ọkàn rẹ̀ lọ kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tí ó kọ ìlànà yẹn kò mọ fóònù, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn.

Ní ilẹ̀ wa, ìtumọ̀ orin ní ìṣòro kan tí àwọn òyìnbó kò ní. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin sí Yorùbá, wọ́n sì fi í sí ohùn òyìnbó. Èdè wa kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni fa ohùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ olóhùn-orin ní Kàtídírà Krístì ní Marina, Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó jà fún. Ṣáájú rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń ṣe orin ìgbàgbọ́ tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Yorùbá bí a ti ń sọ ọ́. Ní ọdún 1922, ó kọ èyí tí ó ju ogójì lọ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Èrò wa ni pé irú orin bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu jù, nítorí ọ̀rọ̀ àti ohùn ń rìn pọ̀, ẹnu kò sì ní láti jà láti kọ ọ́. Ohun tí kò ní wàhálà lẹ́nu ni a máa ń gbé kiri.

Orin kan wà tí ó gba gbogbo agbègbè wa kan ní ọdún 2021. Onídùúró Mi ni, tí Adeyinka Aláṣeyọrí kọ. Láti Sango dé Ìdírókò, kò sí ọjà tí a dé tí a kò gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin kọ ọ́ nídìí àdìrò, àwọn ọmọ kọ ọ́ lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, àríyànjiyàn dé. Tọ́pẹ́ Alábì, tí gbogbo wa mọ orin rẹ̀, béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà tó láti fi pe Ọlọ́run, pé ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ènìyàn ju ti onídùúró lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kí ẹnu onígbàgbọ́ sọ, àwọn mìíràn sì sọ sí ẹnì kejì bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èébú sílẹ̀, kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, nítorí ìbéèrè rere ni. Ta ni onídùúró? Kò sí obìnrin oníṣòwò kan ní Àtàn tí a ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún. Bí a bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ àwọn tí a ń san án padà fún díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọn yóò ní kí a mú onídùúró méjì wá pẹ̀lú fọ́tò wọn. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i, kò jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó yá owó kò bá rí i san, ìsọ̀ onídùúró ni wọn yóò wá jókòó sí láti àárọ̀. Oníbàárà yóò dé, yóò bá àwọn àjèjì lórí bẹ́ǹṣì, yóò sì padà lọ. A mọ ìyá kan tí ó ta fìríìjì rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó tí kò fojú rí.

Nítorí náà, nígbà tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá pe Ọlọ́run ní onídùúró òun, kò sọ ọ̀rọ̀ kékeré. Bíbélì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélógójì, Júdà dúró fún Bẹ́ńjámínì níwájú bàbá wọn, ó ní bí òun kò bá mú ọmọ náà padà wá, kí ẹ̀bi rẹ̀ wà lórí òun títí láé. Ìwé Hébérù orí keje, ẹsẹ kejìlélógún, pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tí ó dára jù. Onígbọ̀wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, onídùúró ni ọ̀rọ̀ ọjà. Ìtumọ̀ kan náà ni. A gbà pé Ọlọ́run ju gbogbo orúkọ tí a lè fi pè é lọ. Ó ju olùṣọ́-àgùntàn lọ, ó ju àpáta lọ, a kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí Dáfídì mú àpáta kúrò nínú Sáàmù. Ti orin náà ni a ṣe.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn yẹn ṣe wá lóore kan. Fún oṣù mélòó kan ni àwọn ènìyàn ti ń kọ orin náà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó béèrè ohun tí onídùúró jẹ́. Bí a bá sì béèrè, ohun mìíràn yóò tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ní òwúrọ̀ pé ẹnì kan dúró fún òun, bí aládùúgbò rẹ̀ bá gbé fọ́ọ̀mù dé ní ọ̀sán ńkọ́? Ìwé Òwe orí kẹfà kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó sá bí èsúró kúrò lọ́wọ́ ọdẹ. Orin náà ń fà wá sí ọ̀nà kan, Òwe ń fà wá sí ìkejì, ìyá tí ó ta fìríìjì sì jókòó sí àárín. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn.

Ti orin ayé, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Olóyè Ebenezer Obey, ọmọ Ìdogò tí kò jìnnà sí wa, tí wọ́n bí ní ọdún 1942, kọ orin bàbá, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn sínú àwo ní ọdún 1973, nígbà tí orin jùjú ni iṣẹ́ rẹ̀. A ti gbọ́ ìtàn inú orin yẹn lórí àga ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí ẹni tó ní kí oníwàásù sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí orin ti wá kì í sọ ohun gbogbo nípa ibi tí ó ń mú wa lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ kí a kọ ìwé yìí. Àkọ́kọ́ ni ti arábìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ náà ń bá ṣiṣẹ́ ti dá wọn dúró kí àìsàn tó dé, ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi pẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, orin tí a kọ níbi ibojì ni arábìnrin yìí ń kọ. Ó kọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Bí ó bá ń to ọjà, òun ni. Bí ó bá ń pọn omi, òun ni. Àwọn kan nínú wa lọ bá a, wọ́n ní kí ó fi orin òkú sílẹ̀, pé yóò pe ikú padà wá sínú ilé, pé orin ìṣẹ́gun ni ó yẹ opó onígbàgbọ́.

Wọ́n lọ pẹ̀lú ìfẹ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, ó sì parí sínú òkùnkùn, kò sí ìṣẹ́gun kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Orin ibojì yẹn kò pe ikú, nítorí ikú ti wá ná. Ohun tí ó ń ṣe fún arábìnrin wa ni ohun tí orin ìyá ń ṣe fún ọmọ tí kò tíì sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ìrora opó ni ó ń fẹ́ dá dúró tàbí ìdààmú ti ara rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ ọ. Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, a gbọ́ tí ó ń kọ òmíràn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé kan wà ní ìlú yìí, yàrá mẹ́jọ tí ó kọjú sí ara wọn, mítà iná kan, kànga kan. Arábìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ wa ń gbé ibẹ̀. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ lórí owó iná. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ amómitutù tí ó fi ń ta omi tútù, èkejì ní gílóòbù méjì àti fáànù kan, wọ́n sì ní kí gbogbo yàrá dá iye kan náà. Ọ̀rọ̀ di ariwo, wọn kò kí ara wọn mọ́. Láti ìgbà náà, ní agogo márùn-ún ìdájí, ọ̀kan nínú wọn yóò gbé fóònù sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fi orin kan sí i tí ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀tá ṣubú, yóò jẹ́ kí ó máa yí, yóò sì máa gbá ilẹ̀ lọ gbá a bọ̀ níwájú ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Ó ń gbè é bí ó ti ń gbálẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo ilé lọ.

Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ pè é, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé a kò gbọdọ̀ yin Olúwa nínú ilé mọ́ ni? Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?”

Ta ni yóò dá a lóhùn? Kò dárúkọ. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ irú orin yìí dáadáa. Orin òwe ni. Orogún fi ń bá orogún jà nídìí ọlọ, ìyàwó ilé fi ń dá ìyá ọkọ lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Agbára rẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ lè sọ pé òun kò sọ nǹkan kan. Ohun tuntun tí ó wọ̀ ọ́ nísinsin yìí ni pé orin ìjọ ni a fi ń ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá bá wa wí yóò dà bí ẹni tí ó bá Ọlọ́run wí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tí àwọn ará ilẹ̀ yìí ń ṣe kí Ìhìnrere tó dé. Láàárín àwọn Kétu, àwọn Yewa àti àwa Àwórì, òru ẹ̀fẹ̀ wà nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ogún àṣà tí ó níyì ní ayé. Ní òru náà, ọlọ́rọ̀ ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin bá oníwà búburú wí ní gbangba, olówó ni, olóyè ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà síbẹ̀, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Ìlú ni ó fún ọlọ́rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ, kì í ṣe ìbínú tirẹ̀ nìkan. Bí òru ọdún náà bá sì ti kọjá, àṣẹ náà tán. Ìbáwí náà ní ààlà. Fóònù ojú fèrèsé kò ní ààlà. Ó ń bá aládùúgbò wí lórí owó iná láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹfà.

Ó kù kí a dáhùn ohun tí arábìnrin náà lè fi bi wá, nítorí ó gbọ́n: ṣé Dáfídì kò ní ọ̀tá ni? Sáàmù 35 ńkọ́? Sáàmù 109 ńkọ́? Ó ní ọ̀tá, ọ̀rọ̀ inú Sáàmù 109 sì gbóná ju orin ojú fèrèsé lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọlọ́run. Ọlọ́run ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ni ó sì fi í sí. A lè mọ ẹni tí orin ń bá sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a gbé e kọjú sí. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni, kò sí ìdí tí fóònù fi ní láti kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó sì fi ẹjọ́ sílẹ̀ níwájú adájọ́ a máa lọ sílé. Ẹni tí ń padà wá ní ìdájí gbogbo láti tún un rò, kò tíì fi sílẹ̀. Ó ṣì gbé e mọ́ra.

Èyí ni ó sì bà wá lẹ́rù jù. Orin tí à ń tún kọ lójoojúmọ́ dà bí iyán tí à ń gún, inú wa sì ni odó. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí àrùn ìgbàgbé ti mú. Kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ń wẹ̀ ẹ́. Ó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ kí i tí a sì lé orin kan láti inú ìwé orin wa, yóò gbà á lẹ́nu wa, yóò kọ ọ́ dé ẹsẹ ìkẹyìn láìfò ọ̀rọ̀ kan. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí irú èyí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àrùn bẹ́ẹ̀ bá, pé orin a máa pẹ́ nínú wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ohun mìíràn bá ti lọ. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé orin tí ìyá náà ń kọ nígbà tí ó ń yan gààrí ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni gbogbo wọn. Kò yàn wọ́n fún ọjọ́ ogbó. Ó kàn ń kọ wọ́n ni.

A ro ti arábìnrin ojú fèrèsé nígbà tí a gbọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni yóò kù lẹ́nu rẹ̀ bí ohun gbogbo bá lọ? Kò ní rántí owó iná mọ́. Kò ní rántí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amómitutù. Ọ̀tá nìkan ni yóò kù, láìní orúkọ, láìní ojú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

A sọ èyí fún un, bí a ti sọ ọ́ fún yín yìí, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A kò ní kí ó má kọrin mọ́. A ní bí ó bá fẹ́ kọ orin yẹn, kí ó wọlé, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó kọ ọ́ sí Ọlọ́run létí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jáde wá gbálẹ̀. Ó ti gbé fóònù kúrò lójú fèrèsé báyìí. Wọn kò tíì kí ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín owó iná bí ó ti tọ́: ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ń san méjì, àwọn yòókù ń san ọ̀kan, èyí tí ó yẹ kí àwa àgbà ti bá wọn ṣe kí orin kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orin tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ wá, ìbáà ṣe ti ìwé orin, ìbáà ṣe ti inú ọkọ̀. A ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ka lẹ́tà, láìkọ ọ́, kí a mọ ohun tí ó sọ. Lẹ́yìn náà ni a ó lé e. Kí ẹni tí orin rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ ìró lásán, mú un wá pẹ̀lú, a ó gbọ́ ọ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.